Gìrì Tó Ń Tẹ̀lé Májèlé Apakòkòrò: Ẹ Má Gbé Aláìsàn Kúrò Ní Ọsibítù

(Ọ̀rọ̀ tí olùdarí ẹ̀ka ọ̀dọ́ sọ níbi ìpàdé oṣooṣù ẹgbẹ́ wa. Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé tí kò sí lórí gúrúpù.)

  

Alága ní kí n má pẹ́. N ò ní pẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mo gbé dání kì í ṣe èyí tí a lè fi ìkánjú sọ. Èmi kì í ṣe dókítà o, kí ẹnikẹ́ni má wá bi mí ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ́yìn ìpàdé. Iṣẹ́ ọ̀gbìn ni mò ń kà ní yunifásítì, ẹ̀ka tó ń rí sí kòkòrò àti àrùn inú oko. Wọ́n ń kọ́ wa bí apakòkòrò ṣe ń pa kòkòrò, ibẹ̀ la sì ti ń mọ ohun tó ń ṣe fún èèyàn, torí ọ̀nà kan náà ló ń gbà.

Ohun kan ni mo fẹ́ kó yé wa lónìí. Tí ẹnì kan bá gbé májèlé apakòkòrò mì, tàbí tó fà á símú, tí gìrì wá mú un, ì báà jẹ́ nílé, ì báà jẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, iṣẹ́ májèlé yẹn ni gìrì náà. Kì í ṣe wárápá. Kì í ṣe ayé. Ẹ má sá fún un, ẹ má sì gbé e kúrò lọ́wọ́ dókítà.

Láti Bẹẹrẹ wọ Ọjà'ba, kó o gba ìdí Mápò títí dé Bẹ́yẹrúnkà, agbo ilé tí kò ní oògùn ẹ̀fọn, oògùn aáyán tàbí oògùn eku ò pọ̀. Ilé wa sún mọ́ra, gọ́tà wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀fọn ò jẹ́ ká sùn. N ò bá ẹnikẹ́ni wí pé ó ra apakòkòrò. Bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ ni ìjà mi, àti ohun tí à ń ṣe lọ́jọ́ tó bá di ìṣòro.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọpọlọ máa ń ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀yà ara. Tó bá fẹ́ kí ọwọ́ gbé, ó máa tú kẹ́míkà kékeré kan jáde ní ìdí iṣan. Kẹ́míkà yẹn á jíṣẹ́, lójú ẹsẹ̀ náà ni nǹkan mìíràn nínú ara á gbá a kúrò kí iṣẹ́ tuntun tó dé. Ẹ pe nǹkan yẹn ní agbálẹ̀. Apakòkòrò tó wà nínú Sniper, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ dichlorvos, agbálẹ̀ yẹn ló ń dè lọ́wọ́ dè lẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ ń dé lórí iṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń gbá a. Ẹ ronú Ọjà'ba tí ẹnikẹ́ni ò gbálẹ̀ níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ọjà sì ń ná lọ. Bí ara ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ìdí nìyẹn tí gbogbo ibi tó ń ṣomi lára fi máa ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Itọ́ á máa dà, omijé á máa dà, òógùn á bo èèyàn, èébì, ìgbẹ́ gbuuru, ìtọ̀ á jáde láìmọ̀. Ọmọlójú á kéré bí orí abẹ́rẹ́. Ẹran ara á máa fò pìpì. Omi á kún ẹ̀dọ̀fóró, èémí á máa dún kùrùkùrù. Tó bá wá dé ọpọlọ, gìrì á gbé e. Lára ọmọdé, ẹ fetí sí èyí dáadáa, gìrì tàbí oorun tí kò ṣeé jí lè ṣáájú gbogbo ìyókù. Ìyá ọmọ á ní ibà ló gbé gìrì dé, kò ní mọ̀ pé ike kan ṣófo lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ibí ni wàhálà wa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ṣubú, tó ń gbọ̀n, tí ìfófòó ń yọ lẹ́nu rẹ̀, ojú lásán ò lè yà á sọ́tọ̀ lára oníwárápá. Gbogbo wa la sì mọ ohun tí wọ́n fi dẹ́rù bà wá láti kékeré, pé itọ́ oníwárápá, ẹni tó bá ta sí lára á kó o. Irọ́ gbuu ni. Wárápá kì í ràn. Àmọ́ nítorí irọ́ yẹn, èèyàn lè wà nílẹ̀ láàárín ọjà, kí gbogbo ayé yí i ká, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú mélòó kan tó ń lọ yẹn ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Ohun tí ẹ máa ṣọ́ra fún ni májèlé tó wà nínú èébì àti lára aṣọ rẹ̀, torí ó máa ń gba ara wọlé. Ẹ fi láílọ́ọ̀nù wé ọwọ́, ẹ gbé e.

Kí ni gìrì fúnra rẹ̀ ń bàjẹ́? Nígbà tó bá ń lọ lọ́wọ́, èèyàn kì í mí dáadáa. Ẹ̀dọ̀fóró tó ti kún fómi tẹ́lẹ̀, kò rí afẹ́fẹ́ gbà. Ọpọlọ ń ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó, kò sì rí oúnjẹ. Gìrì tó bá dá dúró ní ìṣẹ́jú kan, ara lè gbà á. Èyí tó bá ń lọ láìdáwọ́ dúró, tàbí tó lọ tó tún bọ̀ kí ojú tó là, ń pa ọpọlọ lára, ó sì lè pa èèyàn pátápátá. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣègùn ò fi í fi ṣeré.

Àmọ́ gbogbo májèlé kọ́ ló jẹ́ ọ̀kan náà, ohun tí mo rò pé a kì í sọ tó nìyí. Ẹ̀yin bàbá wa tí ẹ ní oko kòkó ní ìgbà yẹn, ẹ mọ Gammalin 20. Àwọn kan tiẹ̀ ń dà á sódò láti fi pẹja. Lindane ló wà nínú rẹ̀. Lindane ò de agbálẹ̀ kankan. Bíréékì ọpọlọ ló ń já. Ẹni tó bá gbé e mì lè má da itọ́, ó lè má lágùn-ún, gìrì lásán ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí. Kò ní oògùn kan pàtó tó ń pa á. Gìrì yẹn ni dókítà á máa bá jà títí ara á fi lé májèlé náà jáde. Ní 2009 ni àwọn orílẹ̀-èdè fi lindane sínú àwọn kẹ́míkà tí Àdéhùn Stockholm ní kí wọ́n pa rẹ́. Ẹni tó bá ṣì ní àgé rẹ̀ àtijọ́ ní yàrá ẹ̀yìn, kó bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ má dà á sí gọ́tà o.

Ilẹ̀ tí wọ́n ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí jù ni Sri Lanka. Ní oṣù kìíní 1995, ìjọba wọn fi òfin de àwọn apakòkòrò kan tó burú jù, àwọn tó ń de agbálẹ̀ yẹn. Ikú dín kù. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ wá yà sórí òmíràn tó ń jẹ́ endosulfan, tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí lindane. Ní Anuradhapura, níbi tí àwọn dókítà ti ka àwọn aláìsàn wọn, ẹnì kan ṣoṣo ni gìrì àìdáwọ́dúró pa ní 1994. Ní 1998, ó di 50. Lọ́dún yẹn náà ni ìjọba fòfin de endosulfan, láàárín ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, iye tí endosulfan ń pa já wálẹ̀ sí mẹ́ta. Èèyàn ò yí padà, ọsibítù ò sì kó lọ síbì kan. Ohun tó wà nínú ìgò ló yí padà. Ìdí nìyẹn tí n óò fi sọ ọ́ títí yóò fi sú yín: tí ẹ bá ń gbé aláìsàn lọ, ẹ gbé ìgò náà dání. Kódà tó bá ṣófo. Ẹ fi sínú láílọ́ọ̀nù, ẹ so ó. Orúkọ tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì yẹn ló máa sọ fún dókítà bóyá oògùn tó ń tú agbálẹ̀ sílẹ̀ ni ó nílò tàbí gìrì nìkan ló máa gbájú mọ́.

Òtapíapíá ló wá kó wa sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Ní 2019, NAFDAC pàṣẹ pé kí wọ́n má ta ìgò kékeré dichlorvos, oní-100 ml, mọ́ ní ọjà àti ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Ti àgbẹ̀, oní-lítà kan, ló kù. Ohun tó ṣẹ́yọ ni pé àwọn kan ń bu ti àgbẹ̀ yẹn sínú ike kékeré, wọ́n ń po kẹrosíìnì mọ́ ọn, wọ́n ń tà á láìní lébẹ́ẹ̀lì. Tí ọmọ bá mu èyí, kí lẹ fẹ́ sọ fún dókítà? Ẹ ò mọ ohun tó wà níbẹ̀, ẹni tó tà á gan-an lè má mọ̀. Ike Fáńtà, ike omi, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń rọ ọ́ sí. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó rí ike Fáńtà, ṣé ó ń wá lébẹ́ẹ̀lì ni?

Nítorí ọ̀rọ̀ ike yìí náà, ẹ jẹ́ kí n mú yín dé India díẹ̀. Ní oṣù keje 2013, ní ìpínlẹ̀ Bihar, ọmọ ilé ìwé 23 ló kú lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán kan. Ibi tí wọ́n tọ́jú epo tí wọ́n fi sè é sí ni ike tí apakòkòrò monocrotophos ti wà rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyá wa, ike apakòkòrò, ẹ lu ú ní ihò. Ẹ má fọ̀ ọ́ lò. Ẹ̀wà tún wà níbẹ̀. Láti 2015 ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti sọ pé ẹ̀wà gbígbẹ wa ò gbọdọ̀ wọ ọ̀dọ̀ wọn, torí dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀wà tí wọn ò gbà lọ́hùn-ún, ṣé àwa ni ikùn wa fi irin ṣe?

Ó yá, ká sọ ti ohun tí à ń fún aláìsàn nílé. Epo pupa ló máa ń kọ́kọ́ jáde, tàbí mílíìkì. Ẹni tí gìrì ń mú tàbí tí ojú rẹ̀ ti ń lọ, kò lè gbé nǹkan mì dáadáa. Epo yẹn, ẹ̀dọ̀fóró ló ń wọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí wọ́n ki ìka bọ ọ̀fun rẹ̀ pé kó bì. Ọ̀pọ̀ apakòkòrò ló jẹ́ pé kẹrosíìnì tàbí irú rẹ̀ ni wọ́n fi pò ó, tó bá bọ̀ lókè, ó lè yà sí ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn á wá di àìsàn kejì.

Àmọ́ èyí tó dùn mí jù ni àgbo ìtọ̀ màlúù. Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà, ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ́. Ìbàdàn níbí ni wọ́n ti ṣe ìwádìí rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn olùwádìí ní University of Ibadan gbé àgbo yìí yẹ̀ wò, èyí tí wọ́n ń fún ọmọ tí gìrì bá mú: ìtọ̀ màlúù, ewé tábà, áyù, efinrin, omi ọsàn wẹ́wẹ́, àlùbọ́sà, iyọ̀ òkúta. Wọ́n fi dán ẹranko wò, wọ́n sì rí i pé àgbo tí wọ́n ní ó ń lé gìrì lè dá èémí dúró. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ á já wálẹ̀, èyí fúnra rẹ̀ sì ń fa gìrì. Ẹ wá wo tábà yẹn. Kí àwọn òyìnbó tó ní Sniper, tábà ni wọ́n fi ń pa kòkòrò inú oko. Nicotine inú rẹ̀, apakòkòrò ni, tó bá pọ̀ lára, ó ń fa gìrì. Ẹni tí apakòkòrò dà láàmú, a tún wá fi apakòkòrò mìíràn lé e lọ́wọ́. N ò sọ pé gbogbo àgbo ni kò dáa. Màmá àgbà tó tọ́ mi, àgbo ló fi wẹ̀ mí. Àmọ́ fún gìrì, ẹ jẹ́ kí ti ìtọ̀ màlúù parí sí àkókò àwọn bàbá wa.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe ò pọ̀. Ẹ gbé e kúrò níbi tí májèlé wà, ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ bọ́ aṣọ tó ta sí, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ara rẹ̀. Ẹ dà á dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ àti èébì lè ṣàn jáde. Tí gìrì bá ń mú un, ẹ má dè é mọ́lẹ̀, ẹ má ki ṣíbí tàbí ìka bọ ẹnu rẹ̀, ẹ kàn kó ohun líle kúrò nítòsí orí rẹ̀ kí ẹ sì wo aago. Kí ẹ máa lọ. Agbo ilé tí mọ́tò ò lè wọ̀, kí èèyàn mẹ́rin fi ẹní gbé e jáde sí títì. Láti Bẹẹrẹ, ẹ gba Òkè Àrẹ́mọ, Adéọ̀yọ́ wà ní Yemẹtu níbẹ̀, UCH ò sì jìnnà sí i. Ọ̀kadà yá, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí gìrì lè mú lójijì, tí ẹ bá há a sáàárín èèyàn méjì, orí rẹ̀ á tẹ̀ sílẹ̀, èémí á há. Micra ló dáa, kó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ní ìjókòó ẹ̀yìn.

Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ sọ òtítọ́. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ gbé e mì, torí ayé ti sú u. Ìtìjú àti ìbẹ̀rù ọlọ́pàá máa ń mú kí ará ilé sọ pé ibà ni, tàbí pé oúnjẹ ló jẹ. Dókítà á wá máa tọ́jú ibà. Ẹ sọ fún un. Kí ẹnikẹ́ni má sì dúró lórí aláìsàn máa bú u. Tí ara bá ti yá, UCH ní àwọn oníṣègùn ọpọlọ tó lè bá a jókòó, ká bá a dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó bá sì wà níbí tàbí lórí gúrúpù tí ọkàn rẹ̀ wúwo bẹ́ẹ̀ lónìí, kó pe ẹnì kan kó tó di alẹ́, kódà kó pe èmi.

Inú wọ́ọ̀dù ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ láti àárọ̀. Oògùn tí wọ́n máa kọ́kọ́ gún fún ẹni tó mu irú Sniper ni atropine. Wọ́n á máa gún un lemọ́lemọ́, nígbà míì láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún síra, títí omi inú ẹ̀dọ̀fóró á fi gbẹ. Òmíràn wà tó ń jẹ́ pralidoxime, òun ló ń gbìyànjú láti tú agbálẹ̀ sílẹ̀, kì í sì í sí ní gbogbo ọsibítù. Ti gìrì, diazepam ni wọ́n sábà máa ń lò. Wọ́n lè fi ẹ̀rọ bá a mí.

Ẹ wá wo ohun tí àwọn ará ilé ń rí. Aláìsàn tó wọlé pẹ̀lú èébì nìkan, gìrì mú un lórí bẹ́ẹ̀dì lóru. Wọ́n á ní, "Ṣé ẹ rí i, kò ní í nígbà tí a gbé e wá." Lẹ́yìn atropine, ẹnu rẹ̀ á gbẹ, ọmọlójú rẹ̀ á fẹ̀, ọkàn rẹ̀ á máa sáré, ó lè máa sọ̀sọkúsọ, kó máa nawọ́ gán ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí. Àǹtí kan á fọwọ́ lérí, á ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọsibítù mọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí orí òkè. Wọ́n á tọwọ́ bọ̀wé, wọ́n á gbé e lọ. Ẹ jọ̀ọ́. Gìrì yẹn, májèlé tó ń wọ ọpọlọ ni. Ìsọkúsọ yẹn, oògùn ni, dókítà lè dín in kù. Ẹ pe nọ́ọ̀sì, ẹ ní kó wá wò ó. Ẹni tó bá fẹ́ gbàdúrà, kó gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀. Ọlọ́run tó ń gbọ́ lórí òkè ń gbọ́ ní wọ́ọ̀dù.

Ìgbà kejì tí wọ́n máa ń gbé e lọ ni ìgbà tí ara bá dà bí pé ó ti yá. Ó ti jókòó, ó ti jẹ ògì, owó sì ń lọ. Láàárín ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ kẹrin, májèlé yìí lè tún yọjú lọ́nà mìíràn. Orí á wúwo, kò ní lè gbé e kúrò lórí ìrọ̀rí, apá àti itan á rọ, èémí á wá máa tán díẹ̀díẹ̀. Kò ní pariwo, kò ní gbọ̀n. Tó bá ṣẹlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, wọ́n á bá a mí títí ara á fi padà. Tó bá ṣẹlẹ̀ ní yàrá wa nílé, ilẹ̀ á mọ́ bá a bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí dókítà sọ fún yín pé ó tó lọ.

Owó ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń kánjú gbé èèyàn wọn, mo mọ̀. Torí náà, ohun méjì ni ẹ̀ka ọ̀dọ́ ń bẹ ẹgbẹ́ fún. Àkọ́kọ́, kí a ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú àpò ẹgbẹ́ fún alẹ́ àkọ́kọ́ ní ọsibítù, kí ìdílé dá a padà nígbà tó bá rọrùn. Ẹ̀yin ará òkè òkun, ibí ni mo ti ń wo ojú yín. Ìkejì, orúkọ àwọn onímọ́tò ní agbo ilé kọ̀ọ̀kan, tí a lè kàn nílẹ̀kùn lóru láìjẹ́ pé wọ́n bínú. Àwọn onímicra méjì ti kọ orúkọ wọn kí n tó dìde sọ̀rọ̀. Ìwé àti báírò wà lọ́dọ̀ akọ̀wé lẹ́nu ọ̀nà. Bẹ́yẹrúnkà ò tíì ní ẹnì kankan.